Ọ̀yẹ́ Kì í Ṣe Oyè: Fọ́ǹtì Aláyìípadà àti Orúkọ Tí À Ń Tẹ̀ Jáde

Ẹ̀yin oníṣẹ́ gíráfíìkì àti ẹ̀yin atẹ̀wé, Ọjọ́bọ̀ lòní, gbogbo wa la sì mọ ohun tí Ọjọ́bọ̀ jẹ́ nínú iṣẹ́ yín: àwọn tó fẹ́ sìnkú lọ́la ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń bèèrè ìwé ètò ìsìn, wọ́n ń bèèrè báńà. Síbẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá síbí. Mo mọ iye tíyẹn ná yín, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ kan sára pátákó yìí láìfi àmì kankan sí i: Oye. Ta ni yóò kà á? Ọmọ ìlú yóò ní Ọ̀yẹ́ ni, ìlú òun. Ẹni tó ń retí kí kábíyèsí fi òun joyè yóò kà á sí oyè. Olùkọ́ yóò kà á sí òye. Àgbẹ̀ tí ètè rẹ̀ ti ń la ní oṣù Kejìlá yóò ní ọyẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà mẹ́ta. Ẹ tún wá fi méjì kún un níwájú, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sára báńà: OLOYE. Ta là ń kí káàbọ̀? Ṣé Ọlọ́yẹ́ ni, ọba aládé ìlú Ọ̀yẹ́, àbí olóyè kan ní àdúgbò? Ní ilẹ̀ Èkìtì níbí, ẹni tó bá pe ọba ní olóyè mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ìlú Ìkọ̀lé níbí náà kò yọ sílẹ̀. Ẹ yí àmì orí ọ̀ yẹn kó kọjú sí òdìkejì, ìlú tí Ẹlẹ́kọ̀lé jọba lé ti di ìkọ́lé, iṣẹ́ bíríkìlà.

Àmì kékeré yìí ló ń gbé orúkọ wa. Ohun tí mo wá bá yín sọ ni irú fọ́ǹtì kan tí àwọn tó ṣe é ń pè ní variable font, tí èmi ń pè ní fọ́ǹtì aláyìípadà, àti bí a ṣe lè fi í mú kí orúkọ fẹ̀, kí ó fún, kí ó sanra, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, láìjẹ́ pé àmì rẹ̀ bọ́ sọnù lọ́nà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúkọ bá gùn. Oníbàárà gbé orúkọ wá: Fọlọ́runṣọ́. Ó fẹ́ kó gba ìbú báńà láti etí kan dé èkejì. Ayàwòrán tẹ Folorunso, nítorí kíbọọ̀dù rẹ̀ kò ní ọ. Ó mú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya róbótó, ó ya ẹyọ kékeré kan, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ títí ó fi pé mẹ́rin, ó tò wọ́n sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa ìlà dídagun méjì, ó gbé wọn lé orí. Ó dára lójú. Oníbàárà wá ní, "Ẹ jẹ́ kó tún tóbi díẹ̀." Ayàwòrán di etí ọ̀rọ̀ náà mú, ó fà á. Lẹ́tà lọ, àmì dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rí. Nígbà tí a fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àmì tó yẹ kó wà lábẹ́ ọ nínú orúkọ rẹ̀ lára ìwé ètò ìsìn ti bọ́ sábẹ́ r, òmíràn sì dá dúró nínú àlàfo bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé ìwé. Wọ́n ti tẹ gbogbo ẹ̀dà tán kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí i. Lálẹ́ àìsùn, àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó ti iná jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń fi báírò tún orúkọ ìyá wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán náà kò ya ọ̀lẹ. Ohun tí irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá irinṣẹ́ tó sàn jù.

Fífà nìkan tilẹ̀ tó láti ba orúkọ jẹ́, bí àmì ò bá tiẹ̀ já. Lẹ́tà ní egungun. Bí a bá fà á sí ẹ̀gbẹ́, àwọn egungun tó dúró lóòró á sanra, àwọn tó dùbúlẹ̀ kò ní kúrò bí wọ́n ṣe wà, lẹ́tà á wá dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Àmì róbótó abẹ́ á di ẹyin. Àmì ohùn òkè tó dagun á tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹni tó ń bọ̀ lórí ọ̀kadà kò fi ní mọ̀ bóyá ohùn òkè ni àbí ìlà gbọọrọ lásán. Bí a bá sì fún lẹ́tà pọ̀ dípò kí a fà á, àmì ohùn òkè àti ti ohùn ìsàlẹ̀ á nàró bí ọ̀pá, a ò ní dá wọn mọ̀ yàtọ̀ láti òkèèrè. Ìyẹn ni pé ayàwòrán lè fi gbogbo àmì sí i pérépéré, kó sì tún fi ìfà ọwọ́ kan ṣoṣo pa ìtumọ̀ rẹ̀ dà. Ọgbọ́n kejì tí a máa ń dá ni pé kí a fi ìlà yí lẹ́tà ká kó lè sanra. Ọgbọ́n yìí máa ń jẹ́ kí àmì abẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, ọ á wá hu ìrù.

Wàhálà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, òun àti àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí wọn yóò ṣe fi lẹ́tà Látìn kọ èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí Henry Townsend, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, lẹ́tà onírin ni wọ́n ń tò. Lẹ́tà tó ní àmì gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí tirẹ̀: ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, èyí tó sanra lọ́tọ̀. Ilé ìtẹ̀wé tí kò lówó púpọ̀ kò lè ra gbogbo rẹ̀. Taipuráítà dé, àwọn akọ̀wé wa ń fi kálàmù fi àmì sí ohun tí wọ́n ti tẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò báyìí ní 1974, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí kò rọ irin. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì Yorùbá nípa gbígbé ẹ àti ọ sí ààyè àmì mìíràn tí wọ́n rò pé a ò nílò. Ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ẹ gbé e dé orí ti ẹlòmíràn tí kò ní fọ́ǹtì náà, ọ̀rọ̀ á di jágbajàgba.

Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ààyè kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ló yanjú apá kan. Ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, ọ̀ náà kò ní. Lẹ́tà méjì ni wọ́n jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà: ọ kan, àti àmì ohùn kan tó ń tẹ̀lé e tó gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀. Báwo ni àmì ṣe ń mọ ibi tí yóò jókòó sí? Ẹni tó ya fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ ti kan ìṣó síbẹ̀. Ó á fi ojú kan tí a kò lè rí sórí ọ, ó á fi òmíràn sídìí àmì ohùn, kọ̀ǹpútà á so méjèèjì pọ̀. Fọ́ǹtì tí ẹni tó yà á kò rántí wa kò ní ìṣó yẹn. Nínú irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ni àmì ti máa ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun orí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ní "kọ̀ǹpútà yìí ò gba Yorùbá", fọ́ǹtì ni, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi padà sí Ọ̀yẹ́ díẹ̀. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá O'Mahony ti ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní ìlú náà. George Bándélé, ọmọ Aréògún gbẹ́nàgbẹ́nà ará Òsì, gbẹ́ ère níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni Lámídì Fákéyẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́, kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wọ̀nyí ní ìpele iṣẹ́: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Bí wọ́n bá fẹ́ ère tó ga ju ti àná lọ, wọn kì í mú ère àná kí wọ́n máa nà án. Láti orí ọnà lílé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí orí, ọrùn àti àyà bá ara wọn mu ní ìwọ̀n tuntun. Èyí gan-an ni ọgbọ́n tó wà nínú fọ́ǹtì aláyìípadà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2016, ní ìlú Warsaw ní Poland, Adobe, Apple, Google àti Microsoft dìde pọ̀ kéde rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó máa ń bá ara wọn du ọjà fohùn ṣọ̀kan lórí lẹ́tà, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Èrò náà ti wà tẹ́lẹ̀. Adobe gbìyànjú rẹ̀ ní 1991, Apple náà ṣe tirẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1995, ṣùgbọ́n kò ràn ká. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ayàwòrán lẹ́tà ya ọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, ó sì ya ọ tó sanra jù lọ. Ó rí i dájú pé iye ojúùwọ̀n, ìyẹn àwọn ojú tó ń darí ìlà lẹ́tà, tó wà lára èkíní ló wà lára èkejì, àti pé wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà. Fọ́ǹtì wá ń rántí ọ̀nà tí ojúùwọ̀n kọ̀ọ̀kan yóò gbà láti ibi tó wà sí ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá fa ọ̀pá ìyípadà dé agbedeméjì, gbogbo wọn á rin ìdajì ọ̀nà. Ìṣó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó so àmì mọ́ lẹ́tà, òun náà ń rìn. Lẹ́tà sanra, àmì sanra pẹ̀lú rẹ̀ níwọ̀n tirẹ̀. Lẹ́tà fún pọ̀, àmì sún mọ́ àárín tuntun. Kò sí èyí tó dúró lẹ́yìn.

Fáìlì kan ṣoṣo sì ni. Tẹ́lẹ̀, ẹ ó wá tẹ́ẹ́rẹ́, déédéé, sísanra àti fífún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó máa ná dátà lórí gbogbo wọn. Noto Sans tí Google ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pá méjì: ti ìsanra bẹ̀rẹ̀ ní 100 títí dé 900, ti ìbú bẹ̀rẹ̀ ní 62.5 títí dé 100. Ẹ gbé Fọlọ́runṣọ́ sínú rẹ̀ ní ìbú 100. Bó bá gùn ju báńà lọ, ẹ má fi ọwọ́ kan etí rẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ìbú wálẹ̀ sí 80, sí 75. Orúkọ á wọlé, egungun rẹ̀ á wà ní ìwọ̀n ara wọn, àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà nídìí lẹ́tà tó ni wọ́n. Ìwé àṣẹ tó bá a rìn gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fi ṣiṣẹ́ owó, a kò ní jí fọ́ǹtì ẹnikẹ́ni lò.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín: ṣé CorelDRAW tèmi lè ṣe é? Bó bá jẹ́ ti 2020 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó lè ṣe é. Illustrator àti Photoshop ti ń ṣe é láti òpin 2017, InDesign láti òpin 2019, Affinity láti 2024. Ẹni tó ń lo CorelDRAW X7 àtijọ́ títí di òní, kò burú, n kò wá bú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gba Noto Sans sílẹ̀ láti orí Google Fonts, ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ ó rí àpò kan tí wọ́n kọ static sí. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn fọ́ǹtì tí kì í yí padà tí wọ́n gé láti ara fọ́ǹtì aláyìípadà kan náà, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gbé èyí tó fún pọ̀ tàbí èyí tó sanra níbẹ̀, kó sì bọ́ lọ́wọ́ fífà. Ọ̀nà kẹta ni Inkscape. Ọ̀fẹ́ ni, láti ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní 2020 ló sì ti ní àwọn ọ̀pá yìí nínú fèrèsé ọ̀rọ̀ àti fọ́ǹtì. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lè fi í kọ́ṣẹ́. Fún títẹ àmì, àwọn ará YorubaName, ìtàkùn orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ti ṣe kíbọọ̀dù ọ̀fẹ́, ẹ yé ya róbótó sábẹ́ lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí kò dé o, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo tan òun. Fọ́ǹtì lè yí padà lọ́nà mẹ́wàá kó má sì mọ Yorùbá rárá. Ọ̀pọ̀ ló wà bẹ́ẹ̀, tó rẹwà lójú, tí ẹ bá kọ ẹ̀ sí i á gbé ẹ láti inú fọ́ǹtì mìíràn wá. Nítorí náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á. Èmi máa ń kọ gbólóhùn kan: Ọlọ́yẹ́ Ọ̀yẹ́, Ẹlẹ́kọ̀lé Ìkọ̀lé, Olójùdó Ìdó, Ùsì, ṣòkòtò, ń lọ, m̀bẹ. N ó wá fa ọ̀pá ìsanra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ó fa ti ìbú náà, ojú mi á wà lára àmì. Bí àmì kan bá fò, tàbí tó bá wọnú lẹ́tà nígbà tó sanra dé góńgó, fọ́ǹtì yẹn kò wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìdánwò náà kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Mo fi Ùsì sí i pẹ̀lú ìdí. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà u ńlá tó ní àmì ohùn wà lára ohun tí a nílò ju ará Ọ̀yọ́ lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ti fi hàn pé ẹ̀ka-èdè Èkìtì ní fáwẹ̀lì àìránmúpè mẹ́sàn-án níbi tí àjùmọ̀lò ti ní méje; àwọn kan ń kọ méjì tó lé yẹn ní ị àti ụ. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ tẹ oríkì ìlú wa jáde bí àwọn ìyá wa ṣe ń kì í gan-an, a ó nílò àmì lábẹ́ i àti u, pẹ̀lú ohùn lórí wọn. Fọ́ǹtì tó kan ìṣó dáadáa ti múra sílẹ̀ de ọjọ́ yẹn.

Ohun méjì kékeré tún wà. Lẹ́tà ńlá tó gbé àmì sórí ń fẹ́ ààyè lókè. Bí ìlà bá sún mọ́ra jù, àmì Ọ́ á gún ìdí ìlà tó wà lókè rẹ̀, fọ́ǹtì kankan kò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ ara yín fẹ àlàfo náà. Ìkejì, bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Adó, Àkúrẹ́ tàbí Ṣómólú, ẹ má fi fáìlì CorelDRAW lásán ránṣẹ́. Ẹ sọ lẹ́tà di curves, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di PDF. PDF kò gba fọ́ǹtì aláyìípadà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, ìrísí tí ẹ yàn ni yóò dì mú, ohun tí ẹ sì fẹ́ náà nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí ti ń ya fọ́ǹtì tiwọn. Chisaokwu Joboson, ọmọ Nàìjíríà, ya Ojuju, fọ́ǹtì aláyìípadà tó mú ìrísí rẹ̀ látara àwọn ìbòjú ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì wà lórí Google Fonts fún gbogbo ayé. Èyí dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ilẹ̀ Èkìtì náà ní ìbòjú tirẹ̀, Ẹpa. Bí ẹnìkan bá lè wo ìbòjú kó rí lẹ́tà, kí ló dé tí ọmọ Ìkọ̀lé tàbí ọmọ Ọ̀yẹ́ kò ní wo Ẹpa, kó ya A títí dé Y, kó kan ìṣó àmì ohùn tirẹ̀ kó tó ronú kan èdè mìíràn?

Mo bẹ Yunifásítì Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́, tó wà láàárín wa láti 2011, tó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé níbí: ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín dán fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ìlú wa, kí wọ́n kọ èyí tó yege sínú ìwé kan, kí ẹ pín in dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti ibí títí dé Ìfàkì. Ẹ̀yin oníṣẹ́, bí ẹ bá padà dé ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ òní, kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó ń dúró dè yín, ẹ gba Noto Sans sílẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ òkú yín sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ fún ayàwòrán, kí ẹ sì dúró kà á lójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́.